Ẹ Jẹ́ N Gbé, Ẹ Má Gbé Mi

Ọdún kejì lẹ́yìn tí àrùn kòrónà jẹ́ kí àwọn yunifásítì ṣílẹ̀kùn padà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní yunifásítì aládàáni kan lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹ bá ti kọjá Ajah díẹ̀. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀. Àwọn tó kàwé níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò kàwé níbẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ lónìí máa ń wá bá mi pé kí n sọ ìjà tí a jà fún yín, ẹ sì máa ń fẹ́ kí n parí rẹ̀ síbi tí gbogbo wa ti ń kọrin. Orin wà nínú ìjà yìí lóòótọ́, àmọ́ orin yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù títí dòní.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́. Yàrá kan náà ni wọ́n pín wa sí, ní òkè kejì họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ níbẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ibà ṣe é, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ níbi tí kò yẹ kí wọ́n gún un, láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Àga oníkẹ̀kẹ́ ló fi ń rìn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ò lè bá a. Á ti dé kíláàsì kí èmi tó rí bàtà mi wọ̀. Ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Àtẹ̀gùn nìkan ni kò lè bá jà.

Gbogbo ẹni tó bá ń gbé Ajah mọ̀ pé omi ló ni ilẹ̀ ibẹ̀. Iyanrìn ni wọ́n fi dí àbàtà kí wọ́n tó kọ́lé lé e. Nítorí náà, wọ́n kọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa ga sókè kí omi òjò má baà wọlé, àtẹ̀gùn sì ni ẹ ó kọ́kọ́ gùn kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀ pàápàá. Àwọn yàrá wà nísàlẹ̀ yẹn. Wọ́n fi ọ̀kan ṣe ibi ìdárayá, póòtà ń gbé ọ̀kan, méjì tó kù ni wọ́n tì pa de àlejò pàtàkì, ìyẹn àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ lẹ́nu ìpàdé. Ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, mi ò rí àlejò kankan tó sùn níbẹ̀. Ta ló máa fi ilé rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1 sílẹ̀ wá sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì? Ohun tí a wá ń bèèrè kò ju pé kí wọ́n fún Morẹ́nikẹ́ ní ọ̀kan nínú yàrá àlejò yẹn, kí wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga rẹ̀ lè gbà gòkè dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì fẹ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kó lè dá wẹ̀ bí àgbàlagbà.

Kí ìjà tó dé, àwa la máa ń gbé e. Ẹ mọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa: ohun tó bá wúwo fún ẹnì kan, a ó bá a gbé e. Ẹnì kan á mú un lápá, ẹnì kan á mú un lẹ́sẹ̀, ẹnì kẹta á gbé àga tẹ̀lé wa. A rò pé a ń ṣe dáadáa, a sì ń ṣe dáadáa lóòótọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fẹ́lóṣíìpù tó ń bá wa gbé e tiẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Morẹ́nikẹ́, ọmọ tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn o."

"Òótọ́ ni," Morẹ́nikẹ́ á dáhùn, "àmọ́ ó mọ òórùn ọrùn ẹni tó pọ̀n ọ́n."

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kan ló yí ọ̀rọ̀ padà. Mo wà nílé wa ní Igbó Ẹfọ̀n lọ́jọ́ náà, torí èmi kò ní ìdánwò. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo èèyàn ń sáré, kálukú sì rò pé ẹlòmíì ti gbé e. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni mọ́, ó ti àga rẹ̀ ṣáájú, ó fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí ẹrẹ̀ bàtà ti kún. Nígbà tó fi dé gbọ̀ngàn, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Alámòójútó wo síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní kó lọ múra bí ọmọlúàbí kó tó wá síwájú òun. Bí ìdánwò yẹn ṣe lọ nìyẹn, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun lọ bá obìnrin tó jẹ́ alákòóso ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Mọ́mì Díìnì la máa ń pè é, torí ó fẹ́ràn kí a máa pe òun ní mọ́mì. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ká ní èèyàn burúkú ni, ìjà náà ì bá rọrùn.

"Mọ́mì," Morẹ́nikẹ́ ní, "mo fẹ́ máa gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì bíi tàwọn tó kù ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa gbé mi."

Mọ́mì Díìnì rẹ́rìn-ín títí. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́! Ẹ ò rí bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dárà. My dear, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ń sọ pé o wúwo ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé wọ́n ti já ẹ lulẹ̀ rí?"

"Rárá, mà. Àmọ́..."

"Ṣó o rí i? Ìfẹ́ ló wà láàárín yín yẹn. Kò sí irú ẹ̀ ní àwọn school tó kù. Èmi ò ní fẹ́ ká fi símẹ́ǹtì rọ́pò ìfẹ́ o."

Mo ní, "Mọ́mì, òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Ti Àbújá wà, ti Èkó náà wà."

Ó wò mí bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. "Akọ̀wé," ló wí, "ẹ jẹ́ ká gbàdúrà." A sì gbàdúrà.

Nígbà tí a jáde, Morẹ́nikẹ́ ti àga rẹ̀ ṣíwájú mi títí a fi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Àwọn ọmọ ti ń bọ̀ wá gbé e bí ìṣe wọn. Ó na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró.

"Ọwọ́ yín ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́," ó ní. "Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń gbé mi, wọn ò ní kọ́ nǹkan kan. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé mi mọ́."

Mo ti gbọ́ nípa ìyanṣẹ́lódì olùkọ́, mo ti gbọ́ ti awakọ̀, àmọ́ mi ò gbọ́ irú èyí rí, pé kí èèyàn kọ̀ kí wọ́n ran òun lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn ló jókòó sí. Àwọn ọmọbìnrin gbé ẹní wá jókòó tì í, àwọn ọkùnrin láti họ́sítẹ́ẹ̀lì kejì náà dé, kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í dá páropáro. Póòtà ń pariwo pé kí a má dí ọ̀nà. Morẹ́nikẹ́ ní, "Bàbá, ọ̀nà wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí kí èmi náà gbà á."

Kọlá, ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ máa ń dún ju gbohùngbohùn lọ, ló ní ká mú ọ̀rọ̀ tí Morẹ́nikẹ́ sọ fún Mọ́mì Díìnì, ká fi ṣe ìwọ́de. Ẹ JẸ́ N GBÉ, Ẹ MÁ GBÉ MI. Lẹ́nu, ó dùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín, á sì ronú. Àmọ́ ẹ mọ bí àwa tí a lọ sílé ìwé ní Èkó ṣe ń kọ Yorùbá: bí àwọn tó ń fi fóònù ránṣẹ́ síra wọn. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀? Ohun tó wà lára kádíbọ́ọ̀dù wa ni E JE N GBE, E MA GBE MI. Kádíbọ́ọ̀dù tí a rí rà kéré, nítorí náà àwọn kan gbé ìdajì àkọ́kọ́, àwọn kan gbé ìdajì kejì. Lójú wa, kò sí ohun tó ṣe é. Ohun tí a kọ yé wa.

Ẹnu géètì lójú títì la dúró sí. Àwọn tírélà tó ń lọ sí Lẹ́kkí Free Zone ń fọn fèrè fún wa, àwọn kan ń jùwọ́, àwọn kan ń bú wa pé a ń dí àwọn lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń wá ibòòji. Morẹ́nikẹ́ ló wà níwájú pátápátá nínú oòrùn, kádíbọ́ọ̀dù wà lórí itan rẹ̀. Ìdajì kejì ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

Bí ọkọ̀ Olóyè ṣe dé nìyẹn. Olóyè ni alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì náà. Ilé kíkọ́ ló fi dolówó, ẹ̀sìtéètì rẹ̀ wà káàkiri láti Igbó Ẹfọ̀n títí dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn oníkámẹ́rà rẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e kiri. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wá dúró níwájú Morẹ́nikẹ́, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó sì ka kádíbọ́ọ̀dù náà sókè.

"Ẹ máa gbé mi."

Ó tún un kà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Mo wà nítòsí, mo rí i.

"Ẹ máa gbé mi! Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ohun tọ́mọ yìí ń tọrọ ò ju èyí náà lọ? Kí wọ́n ṣáà máa gbé òun? Ẹ wá kó ọlọ́pàá bá a?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò kà á bó ṣe yẹ," Morẹ́nikẹ́ ní. "Ohun tá a kọ ni pé ẹ má..."

"Ó tó, ọmọ mi. Má sunkún mọ́."

Morẹ́nikẹ́ kò sunkún. Olóyè ló ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó kọjú sí kámẹ́rà. "Láti òní lọ, èmi fúnra mi ni màá gba àwọn ọkùnrin alágbára tí yóò máa gbé ọmọ yìí sókè sódò. Ní yunifásítì tiwa, a kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nísàlẹ̀!"

Ariwo ta. Mo rò pé ariwo ìbínú ni, àtẹ́wọ́ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí E JE N GBE ṣì wà lọ́wọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìṣẹ́gun. Wọ́n sáré bo Morẹ́nikẹ́, wọ́n gbé e tòun tàga sókè orí, wọ́n ń jó kiri. Mo ń pariwo pé kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Mo rí ojú rẹ̀ lókè níbẹ̀. Ó di apá àga mú ṣinṣin, ẹ̀rù ń bà á, wọ́n sì ń yà á ní fọ́tò. Fọ́tò yẹn ni gbogbo ayé mọ̀.

Mo bá Kọlá nídìí igi àgbọn tó wà lẹ́yìn géètì, òógùn bò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ní, "Kọ́múréèdì, kì í ṣe ohun tá a bèèrè nìyẹn!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba èyí ná, ká tó bèèrè ìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà."

Wọ́n ti sọ Morẹ́nikẹ́ kalẹ̀ nígbà náà, ó ti ti àga rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. "Imú ẹlẹ́dẹ̀ ti wọgbà," ló wí. "Èmi ò tíì wọlé."

Kọlá fi ẹ̀rín gbà á. Ó gba ẹ̀bùn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù lọ lọ́dún náà. Nígbà tí èmi tún pe ìpàdé lórí yàrá ìsàlẹ̀, kò sí ẹni tó wá. Wọ́n ní ṣebí a ti borí.

Àwọn ọkùnrin náà dé ní Mọ́ńdè. Méjì ni wọ́n, láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lẹ́yìn Ajah ni Olóyè ti mú wọn wá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni èyí àgbà, Bọ̀dá Ràṣídì, bíríkì ló ń rù tẹ́lẹ̀. Àmọ́ họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin ni tiwa, ẹ sì mọ òfin ibẹ̀: bí ọkùnrin bá ń gòkè, póòtà gbọ́dọ̀ ké kí àwọn tó wà ní ìhòòhò lè wá aṣọ bora. Nítorí náà, ìgbàkúùgbà tí Morẹ́nikẹ́ bá fẹ́ lọ sí kíláàsì, ìgbàkúùgbà tó bá fẹ́ padà, "Ọkùnrin o! Ọkùnrin ń bọ̀ o!" á gba gbogbo ilé. Ilẹ̀kùn á máa dún gbàmù-gbàmù. Àwọn tó wà ní balùwẹ̀ á máa ṣépè. "Morẹ́nikẹ́ yìí náà! Ṣé kò lè jókòó síbì kan ni?"

Bọ̀dá Ràṣídì máa ń tijú ju òun lọ. "Ẹ má bínú, àǹtí mi," á wí. "Iṣẹ́ òòjọ́ ni."

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá jà, bọ̀dá," Morẹ́nikẹ́ á dá a lóhùn, á sì dijú títí wọn ó fi gbé e délẹ̀.

Bó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin náà á lọ sílé. Wọn kì í wá lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn tó máa ń gbé e tẹ́lẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Wọn kì í ṣe ìkà o. Wọ́n ṣáà ní, "Wọ́n ti gba èèyàn fún un." Bí mo bá ní kí wọ́n wá bá mi gbé e lọ sí ilé oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹnì kan á ní ẹ̀yìn ń dun òun, ẹlòmíì á bi mí pé iṣẹ́ kí wá ni àwọn ọkùnrin yẹn ń ṣe. Ìjà wa ti gba ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kò sì fi ilẹ̀ tó tẹ́jú rọ́pò rẹ̀.

Ní Sátidé kan, ìyá rẹ̀ wá láti Ẹ̀pẹ́. Póòtà kò jẹ́ kó gòkè. Láti ìgbà kòrónà ni wọ́n ti ní àlejò kò gbọ́dọ̀ kọjá ìsàlẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ti àga dé ẹ̀gbẹ́ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ láti òkè kejì. Ìyá náà gbójú sókè nínú oòrùn, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Sọ̀kalẹ̀ kí n rí ẹ dáadáa!"

"Wọn kì í wá ní Sátidé, Màámi."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń gbé mi."

"Mo rí i nínú fóònù o! Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló ń kí mi kú oríire." Ó tún gbójú sókè. "Kí wá lo máa ń ṣe ní Sátidé?"

"Ohun tí mò ń ṣe báyìí náà ni. Mò ń wo ìsàlẹ̀."

Ìyá náà gbé ọwọ́ kúrò lójú. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó gbé abọ́ oúnjẹ tó sè wá fún mi kí n bá òun gbé e gòkè. Mo gbé e. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ padà, orí àtẹ̀gùn yẹn náà ló ṣì jókòó sí, ó ń sunkún láìpariwo, kí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè má baà gbọ́. Ní Mọ́ńdè, ó padà wá pẹ̀lú ọkọ̀. Wọ́n ké "Ọkùnrin o!" lẹ́ẹ̀kan sí i, Bọ̀dá Ràṣídì àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé Morẹ́nikẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó sì bá ìyá rẹ̀ lọ. Ọdún kan ló kù fún un láti parí. Kò padà wá mọ́.

Nígbà kan lẹ́yìn náà, mo bi í bóyá Olóyè ṣi ọ̀rọ̀ náà kà ni àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

"Rárá," ló wí. "Ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló kà. Ká tiẹ̀ ní ẹ fi àmì sí i, ohun tó máa kà náà nìyẹn."

Ẹ máa ń bi mí pé kí la jèrè. Ọkùnrin méjì rí iṣẹ́ tó rọrùn ju bíríkì lọ. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọmọ nílé. Mo padà lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Yàrá àlejò méjèèjì ṣì wà ní títì. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ti wà báyìí, símẹ́ǹtì rẹ̀ dán, ó sì dára: ẹ̀yìn ilé oúnjẹ ni, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà ti àpò ìrẹsì wọlé. Ìrẹsì ti rí ọ̀nà. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó ilé-ẹ̀kọ́ náà pé àwọn ní agbéni fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá nílò rẹ̀. Ìjà wa ló fún wọn ní ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n jẹ Morẹ́nikẹ́ ní ọdún tó sọnù, wọ́n jẹ ẹ́ ní oyè tí kò gbà, mi ò sì rí ẹni tó máa san án. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo ń ríran. Ohun tí mo ń rí ni kò dára.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ yín pè mí. Ẹ fẹ́ ṣe àpérò ní Lẹ́kkí Phase 1 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìpèníjà ara, ẹ sì fẹ́ kí èmi àti Morẹ́nikẹ́ wá sọ ìrírí wa. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn. Mo bi í pé irú ibo ni gbọ̀ngàn náà.

"Òkè kẹta ni, mà," ó ní. "Ilé náà ò ní lift, àmọ́ ẹ má worry rárá. Àwọn ọmọkùnrin wa pọ̀. Wọ́n á gbé wọn."

Ohùn rẹ̀ dùn, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́. Mi ò lè bá a jà. Mo pe Morẹ́nikẹ́ ní Ẹ̀pẹ́, níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ báyìí, mo sọ fún un. Mò ń gbọ́ bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ ṣe ń dún.

"Bá mi kí wọn," ó ní. "Sọ fún wọn pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wa, kò sí àtẹ̀gùn kankan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ kó máa bọ̀."

Mo jíṣẹ́ náà fún yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ ní ẹ ṣeun, ẹ sì fi orúkọ ẹlòmíì rọ́pò tirẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó bi mí pé apá ibo ní Ẹ̀pẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà.